Apolọ́fínńdà Tí Kò Gbóòórùn Súìtì Mọ́

Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú ènìyàn tí Màmá Onímú jẹ́, ọwọ́ rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Èékánná rẹ̀ kúrú, ó mọ́ tónítóní, kò kùn ún, kò sì fi òrùka síka. Ọṣẹ tí kò lóòórùn ló fi ń wẹ̀, ìpara tí kò lóòórùn ló fi ń para. Àwọn aládùúgbò rò pé inú òórùn dídùn ló ń sùn tó ń jí, torí ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n rèé tó ti wà nídìí iṣẹ́ lọ́fínńdà. Wọn ò mọ nǹkan kan. Láti ọjọ́ tí obìnrin yìí ti di apolọ́fínńdà, kò fi lọ́fínńdà para mọ́ láé. Òfin iṣẹ́ ni: ẹni tó bá gbé òórùn wá láti ilé kò ní í gbọ́ èyí tó wà lórí tábìlì dáadáa. Òun alára ló máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀ tí á máa dá àwọn tó bá rú òfin padà. "Ìwọ, kí lo fi para yẹn? Lọ fọ̀ ọ́ kúrò lára kó o tó wọlé o!" Ẹni tó bá jiyàn, ojú ẹ̀ á rí nǹkan.

Ilé iṣẹ́ náà kò tóbi tó bí orúkọ tí wọ́n kọ sára ògiri rẹ̀. Yàrá mẹ́ta ni: ọ̀kan tí wọ́n ti ń fọ ìgò, ọ̀kan gígùn tí àwọn obìnrin mẹ́fà ti ń dé ìgò lọ́mọrí tí wọ́n sì ń lẹ ìwé mọ́ ọn, àti yàrá tí wọ́n ti ń po lọ́fínńdà láàárín, níbi tí Màmá Onímú ti ń jọba. Tábìlì funfun kan wà níbẹ̀, òṣùwọ̀n kékeré tí èémí ènìyàn lè gbé lọ gbé bọ̀, àti pẹpẹ tó kún fún ìgò dúdú láti ilẹ̀ dé òkè. Ẹ̀gbẹ́ òṣùwọ̀n ni wọ́n ń kó ahọ́n sí. Ahọ́n ni wọ́n ń pe àwọn bébà pélébé tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n máa ń rì bọ inú ìgò kí wọ́n tó gbé e símú. Ẹ̀yin ìbá rí bí Màmá Onímú ṣe ń gbé ahọ́n símú! Á di ojú, á fi orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tí wọ́n ń sọ àṣírí fún, kò sì ní í dá ẹnikẹ́ni lóhùn títí yóò fi lajú.

Kì í ṣe ilé ìwé ló ti kọ́ ọ. Ìgò ló ń fọ̀ nígbà tó débẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún, ọwọ́ nínú omi láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó gbé ìgò kan tí wọ́n ti fọ̀ tán sókè, ó ní, "Òdòdó róòsì ṣì wà nínú èyí o." Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi í rẹ́rìn-ín. Àmọ́ bàbá tó ń po lọ́fínńdà nígbà náà, tí gbogbo wọn ń pè ní Bàbá Onímú, ń kọjá lọ. Ó gba ìgò náà, ó gbé e símú, kò gbọ́ nǹkan kan. Ó tún gbé e. Ìgbà kẹta ló tó gbọ́ ọ. Ó wo ọmọbìnrin náà láti òkè délẹ̀, ó ní, "Nu ọwọ́ ẹ, kó o máa bọ̀." Bó ṣe kúrò nídìí omi nìyẹn, tí wọ́n sì sọ ọ́ ní Onímú kékeré. Ìgbà tó bímọ tán ni wọ́n wá fi Màmá síwájú rẹ̀.

Ọdún mọ́kànlá ni bàbá yìí fi kọ́ ọ níṣẹ́, kò sì sí ohun tó kọ́ ọ tó wúlò tó fífọ imú. Bí ènìyàn bá ti gbóòórùn bíi mẹ́wàá léraléra, imú á sú, á di igi. Àwọn kan a máa jáde lọ gbatẹ́gùn. Àwọn kan a máa gbé kọfí símú. Bàbá Onímú ní ìfàkókòṣòfò ni gbogbo ìyẹn. "Apá ẹ dà?" ni yóò wí. Á ká apá rẹ̀, á ri imú bọ inú ìgbọ̀nwọ́, lórí apá aṣọ, á mí sínú lẹ́ẹ̀mẹta, á sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Àlàyé rẹ̀ ni pé imú kì í ka òórùn ara onímú kún òórùn, nítorí náà bí a bá gbé e sínú aṣọ ara wa, yóò sinmi. Ó ní aṣọ òwú ló gbọ́dọ̀ jẹ́, ó sì gbọ́dọ̀ ti ilé ẹni wá. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tí wọ́n ra ẹ̀wù iṣẹ́ onírọ́bà fún gbogbo òṣìṣẹ́, tí kálukú ń bọ́ tiẹ̀ sílẹ̀ síbi iṣẹ́ kó tó máa lọlé, Màmá Onímú nìkan ló kọ̀ ọ́. "Ta ló fẹ́ máa fi imú nu rọ́bà?" ló wí. Bùláòsì òwú ara rẹ̀ ló ń wọ̀ lọ tó ń wọ̀ bọ̀, ilé ló sì ti ń fọ̀ ọ́ pọ̀ mọ́ aṣọ yòókù.

Ohun mìíràn tún wà tí Bàbá Onímú kọ́ ọ láìmọ̀. Lọ́dún tó kẹ́yìn rẹ̀, imú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Kì í ṣe lẹ́ẹ̀kan náà. Òdòdó jásímínì ló kọ́kọ́ lọ, òun nìkan ṣoṣo. Gbogbo òórùn yòókù ṣì wà. Bàbá pa á mọ́ra. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ọsàn wẹ́wẹ́ tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà igi olóòórùn. Nígbà tí àṣírí tú, wọ́n gbé àga fún un nínú yàrá gígùn pé kó máa lẹ ìwé mọ́ ìgò. Ọkùnrin tí gbogbo ilé ń bi léèrè ọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀ wá jókòó síbẹ̀, kò sẹ́ni tó tún bi í ní nǹkan kan. Kò pé ọdún tó fi lọ, kò sì yà kí wọn mọ́. Màmá Onímú ló bọ́ sí ipò rẹ̀. Láti ìgbà náà ló ti mọ̀ pé òórùn kan ṣoṣo ni nǹkan yìí fi ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ ti súìtì. Nígbà kan, ẹni tó bá ń ra lọ́fínńdà fẹ́ kí òun máa rùn bí òdòdó tàbí bí igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Ayé ti yí padà. Lónìí, ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta á wọ ṣọ́ọ̀bù, á ní èyí tó ń ta sánsán bíi súìtì oníwàrà lòun ń wá. Géńdé onírùngbọ̀n á fi òórùn ṣingọ́ọ̀mù para lọ síbi iṣẹ́, á sì tún máa lejú mọ́ àwọn ọmọ abẹ́ rẹ̀. A ò bá ẹnikẹ́ni jà o, kálukú ló ni ara rẹ̀. Ohun tó máa ń pa Màmá Onímú lẹ́rìn-ín ni pé kò sí súìtì kan tó wọ ilé iṣẹ́ náà rí, àfi èyí tí àwọn obìnrin yàrá gígùn ń fi pamọ́ sẹ́rẹ̀kẹ́. Kẹ́míkà ni gbogbo rẹ̀. Èyí tó ń rùn bí èso, inú ike ló ti wá. Èyí tó ń rùn bíi fànílà, inú àpò ni. Olórí gbogbo wọn wá ni ìyẹ̀fun kan, funfun báláú, tó fúyẹ́ bíi pàùdà ọmọdé. Ìyẹ̀fun ṣúgà ni wọ́n ń pè é, bẹ́ẹ̀ kò sí hóró ṣúgà kan nínú rẹ̀. Bí ẹ bá ṣí agolo rẹ̀, ẹ ó rò pé ẹnì kan ń yan ṣúgà nínú páànù lẹ́yìn ògiri. Ṣíbí kékeré kan tó fún odidi korobá. Bí ẹ bá sì ti ń bù ú ni díẹ̀ á máa fò, á bà sórí tábìlì, á bà sára aṣọ, kì í sì í tètè kúrò níbi tó bá bà sí.

Níbẹ̀rẹ̀, Màmá Onímú yínmú sí i. Ó ní iṣẹ́ ọmọdé ni. Ṣùgbọ́n oníṣẹ́ gidi kì í lè kórìíra iṣẹ́ rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, kò sì pẹ́ tó fi rí i pé súìtì ní ọgbọ́n tirẹ̀. Bó bá kéré, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Bó bá pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ ní ìwọ̀n ìdajì ṣíbí, á dà bíi pé wọ́n da omi ṣúgà lé ènìyàn lórí. Ààrín méjèèjì tóóró gan-an ni, ó sì fẹ́ràn láti máa wá a.

Ní ọjọ́ kan, Ọ̀gá, ìyẹn ọmọ ẹni tó dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀, tó sì jẹ́ àbúrò sí Màmá Onímú lọ́jọ́ orí, wọlé wá tẹ̀ríntẹ̀rín. Oníbàárà ńlá kan tó ní ṣọ́ọ̀bù káàkiri fẹ́ lọ́fínńdà tuntun. Ó fẹ́ kó máa rùn bí ṣúgà tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ yí bí òwú fún àwọn ọmọdé níbi ìṣeré.

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré la ní," ni Ọ̀gá wí. "Lọ́jọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ kẹta, òun fúnra ẹ̀ á wá gbé e símú. Màmá Onímú, ẹ̀yin lẹ máa sọ ìgbà tó bá tó. Tẹ́ ẹ bá ti ní ó tó, ó ti tó nìyẹn. Mi ò ní bi ẹlòmíì."

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ lọ dáadáa. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó ń ṣe Màmá Onímú bíi pé ìyẹ̀fun náà kò lágbára bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ó fi ṣíbí kan kún un. Ó tún fi ìdajì ṣíbí lé e. Ó di àárọ̀ ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ kẹta, ó ri ahọ́n bọ inú ìgò, ó di ojú, ó gbé e símú. Bébà lásán ló gbọ́.

Ó rò pé imú ló sú. Ó ká apá, ó ri imú bọ inú ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀, ó mí sínú lẹ́ẹ̀mẹta bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, ó tún gbé ahọ́n náà símú. Bébà. Ó ṣí agolo ìyẹ̀fun ṣúgà fúnra rẹ̀, ó dorí kọ ọ́. Ńṣe ló dà bí ẹni dorí kọ agolo iyọ̀. Ó sáré gbé ìgò róòsì: ó gbọ́ ọ. Ó gbé ọsàn wẹ́wẹ́: ó gbọ́ ọ, ó tilẹ̀ ta á lójú. Ó gbé igi olóòórùn, ó gbé jásímínì, gbogbo wọn ló wà níbẹ̀. Ìyẹ̀fun ṣúgà nìkan ni kò sí. Òun nìkan ṣoṣo, bí ti Bàbá Onímú ṣe bẹ̀rẹ̀ gẹ́lẹ́.

Ó jókòó. Ibẹ̀ ló wà tí ọmọbìnrin tí wọ́n gbà síṣẹ́ lọ́dún tó kọjá fi wọlé, èyí tó kàwé kẹ́míkà yanjú, tí àwọn obìnrin yàrá gígùn sọ ní Sáyẹ́ǹsì.

"Ẹ káàárọ̀, mà. Ẹ kú iṣẹ́, mà." Ó rí ahọ́n lórí tábìlì, ó mú un, ó gbé e símú, ojú rẹ̀ sì ṣú díẹ̀. "Mà, ẹ má bínú o. Ó ń ṣe mí bíi pé ó ti fẹ́ pọ̀ díẹ̀."

"Kí ló pọ̀?"

"Ṣúgà ẹ̀ ni, mà. Ó ti ń..."

"Ọdún wo ni wọ́n bí ẹ gan-an?" Ohùn Màmá Onímú ti lọ sókè kó tó mọ̀. "Kí wọ́n tó bí ẹ ni mo ti ń fi imú yìí jẹun. Gbé ahọ́n yẹn sílẹ̀, kó o lọ máa ka ìwé ẹ!"

Sáyẹ́ǹsì ní, "Ẹ má bínú, mà," ó sì jáde. Bó ṣe ti ilẹ̀kùn báyìí ni ìtìjú bo obìnrin náà. Ọmọ yẹn kò rí i fín. Ohun tó bí i nínú ni pé bí ọmọ náà bá ní ó pọ̀, òun kò lè jiyàn. Bó bá ní ó kéré, òun kò lè jiyàn. Ó ku ọjọ́ mẹ́rin, òun ni wọ́n gbójú lé, òun kò sì mọ ohun tó wà nínú ìgò tí òun fọwọ́ ara òun pò.

Kò sọ fún ẹnikẹ́ni, títí kan ọkọ rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, ó sọ fún Ọ̀gá pé eyín ń dun òun, ó sì lọ sọ́dọ̀ dókítà onímú. Irọ́ eyín yìí kò fi í lọ́kàn balẹ̀, torí kò mọ irọ́ pa. Ó tilẹ̀ gbàgbé, ó fi ọwọ́ di imú nígbà tó ń sọ ọ́.

Yàrá dókítà kéré, fèrèsé rẹ̀ kan ṣoṣo. Dókítà náà ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, ó so iná mọ́ iwájú orí. Nọ́ọ̀sì kan tó sanra, tí ojú rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, jókòó nídìí tábìlì, kò sì pẹ́ tí Màmá Onímú wọlé tó dìde lọ ṣí fèrèsé náà gbayawu. Dókítà yẹ imú rẹ̀ wò lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Ó ní kò sí ọgbẹ́, kò sí wíwú. Ó wá kó ìgò kéékèèké jáde, ó ní kó dijú kó máa sọ ohun tó bá gbọ́.

"Kọfí," ni Màmá Onímú wí. "Ó sì ti pẹ́ nínú ìgò. Èyí, ọṣẹ ìfọṣọ. Èyí, kẹrosíìnì. Èyí, ọsàn. Àmọ́ ìgò ọsàn yìí, ẹ ti fi mẹ́ńtọ́ọ̀lù sínú ẹ̀ rí, wọn ò sì fọ̀ ọ́ dáadáa."

Dókítà wo ìdí ìgò náà, ó wo nọ́ọ̀sì. "Màmá, imú yín mú ju tèmi lọ. Kí lẹ wá ń wá lọ́dọ̀ mi?"

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ ọ́ lákínyẹmí ara. Omijé bọ́ lójú rẹ̀, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ láìfi ọ̀kan pamọ́: Bàbá Onímú àti jásímínì rẹ̀, ìyẹ̀fun ṣúgà, oníbàárà, ọjọ́ Ẹtì. Ó ní, "Ọmọ mi, òórùn kan ló máa ń kọ́kọ́ lọ. Mo mọ̀ ọ́n. Ojú mi ló ṣe. Tí imú yìí bá lọ, mi ò mọ iṣẹ́ míì, mi ò sì mọ ẹni tí mo jẹ́."

Nọ́ọ̀sì ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ó rọra sọ ọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, mo fẹ́ bi yín ní nǹkan. Kí lorúkọ lọ́fínńdà tẹ́ ẹ fi para?"

"Lọ́fínńdà kẹ̀? Èmi? Mi ò kì í lo lọ́fínńdà. Ó ti lé ní ogún ọdún."

"Háà, mà! Látìgbà tẹ́ ẹ ti wọlé ló ti gba gbogbo yàrá. Òun ni mo ṣe ṣí fèrèsé. Súìtì ni, súìtì pọ́ńbélé. Ebi tiẹ̀ ti ń pa mí."

Màmá Onímú yíjú sí dókítà. Dókítà mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó dàrú mọ́ ọn lójú. Bó sì ti máa ń ṣe nígbàkigbà tí nǹkan bá dàrú, láìronú rárá, ó ká apá, ó ri imú bọ inú ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀, ó mí sínú lẹ́ẹ̀mẹta.

"Ẹ dúró ná," ni dókítà wí. "Kí lẹ ṣe yẹn?"

"Mo fọ imú mi ni."

"Ẹ fi kí ni fọ̀ ọ́?"

Ó ṣàlàyé fún un. Bó ṣe ń ṣàlàyé ni nọ́ọ̀sì ń fi ọwọ́ bo ẹnu. Dókítà béèrè bóyá aṣọ yìí náà ló ń wọ̀ nígbà tó bá ń bu ìyẹ̀fun ṣúgà. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó béèrè bóyá ilé ló ti ń fọ̀ ọ́. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, pọ̀ mọ́ aṣọ yòókù, pọ̀ mọ́ aṣọ ìbùsùn, òun sì ń sá wọn sínú yàrá nígbà òjò. Bó ṣe ń dáhùn, ohùn rẹ̀ ń lọ sílẹ̀, torí ọ̀rọ̀ náà ti ń yé e kí dókítà tó là á mọ́lẹ̀.

"Màmá, imú yín ò kú o," ni dókítà wí. "Súìtì ti gba gbogbo ara yín àti gbogbo ilé yín. Imú yín ti kà á mọ́ òórùn ara yín, kò kà á sí nǹkan kan mọ́. Tẹ́ ẹ bá wá fẹ́ fọ̀ ọ́, inú súìtì náà lẹ tún ń rì í bọ̀."

Nọ́ọ̀sì kò lè pa á mọ́ra mọ́, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ má bínú, mà," ó tún rẹ́rìn-ín. Màmá Onímú kò bínú. Kò tíì rẹ́rìn-ín, kò tíì gbà á gbọ́ tán, àmọ́ nǹkan kan tó ti so mọ́ ọn láyà láti àná tú díẹ̀. Dókítà ní kó lọ sùn síbòmíràn fún ọjọ́ méjì, kó fọ irun orí rẹ̀, kó má wọ aṣọ kankan tó bá ti dé ilé rẹ̀ rí. Lẹ́yìn ìyẹn, kó gbé ahọ́n símú. Bó bá gbọ́ ọ, ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn. Bí kò bá gbọ́ ọ, kó padà wá.

Ó yà sílé láti sọ fún ọkọ rẹ̀ pé ilé ọmọ àwọn lòun máa sùn. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni ọkùnrin náà, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó bá a lẹ́yìnkùlé tó ń fá ẹsẹ̀ àga. Ó ro gbogbo rẹ̀ fún un, ó wá fi ẹ̀sùn kàn án.

"Ẹ̀yin náà, Bàbá wọn! Ṣé ẹ̀yin ò gbóòórùn lára mi ni?"

"Mo gbọ́ ọ."

"Láti ìgbà wo?"

"Á ti tó ọdún kan."

"Kí ló wá dé tẹ́ ò sọ̀rọ̀?"

Ọkùnrin náà gbé ìfági sílẹ̀, ó họ orí, kò wo ojú rẹ̀. "Mo rò pé nítorí tèmi lo ṣe ń fi í para ni."

Ẹ̀rín tó ti ń wá obìnrin náà láti ọ̀dọ̀ dókítà dé wàyí. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. "Èmi? Lọ́jọ́ orí yìí? Kí n máa rùn bíi súìtì nítorí yín?"

"Kí ló ṣe ọjọ́ orí ẹ?" ni ọkọ rẹ̀ wí. "Inú mi ń dùn sí i ní tèmi."

Ọjọ́ méjì yẹn gùn. Ọmọbìnrin rẹ̀, olùkọ́ iléèwé, tú irun rẹ̀, ó fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì fún un ní aṣọ tirẹ̀ wọ̀. Ó há mọ́ ọn lápá díẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbà á. Kò lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́rú, eyín ṣì ń dùn ún. Ọkàn rẹ̀ ń lọ ó ń bọ̀. Bó bá rántí ọ̀rọ̀ dókítà, ara á tù ú. Bó bá rántí Bàbá Onímú lórí àga, ara rẹ̀ á tún tutù. Ta ló sọ pé dókítà kì í ṣàṣìṣe? Ẹ̀ẹ̀kan tilẹ̀ wà tó gbé agolo ṣúgà ọmọ rẹ̀, tó fẹ́ ṣí i, tó tún gbé e padà, torí ẹ̀rù ń bà á láti mọ̀.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, kò wọ inú ilé iṣẹ́. Ó dúró sábẹ́ igi nínú àgbàlá, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, ó ní kí wọ́n bá òun pe Sáyẹ́ǹsì.

"Lọ gbé ìgò tá a pò yẹn wá," ló wí. "Mú ahọ́n tuntun dání. Má ì tíì ṣí i títí wàá fi dé ọ̀dọ̀ mi."

Ọmọ náà wò ó, ó lọ. Màmá Onímú ká apá. Ó ri imú bọ inú apá aṣọ ọmọ rẹ̀, ó mí sínú lẹ́ẹ̀mẹta. Ọṣẹ ló gbọ́, ọṣẹ àti òórùn oòrùn tó gbẹ aṣọ náà. Ó bẹ Ọlọ́run nínú ọkàn rẹ̀, kò sì rí ju "Jọ̀ọ́" lọ sọ.

Sáyẹ́ǹsì dé, ó ṣí ọmọrí ìgò náà. Kò tíì ri ahọ́n bọ̀ ọ́. Ìṣísẹ̀ mẹ́ta ló wà láàárín wọn, ibẹ̀ ló sì ti dé: ṣúgà, ṣúgà yíyan, ṣúgà lórí ṣúgà, ó wọ imú rẹ̀, ó gba ọ̀nà ọ̀fun, ó lọ dé ìdí eyín tó ti fi ń purọ́ láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Kò sí òdòdó mọ́, kò sí èso, ó ti bo gbogbo wọn mọ́lẹ̀. Èébì fẹ́ gbé e.

"Ó burú!" ló kígbe.

"Mà?"

"Ó burú! Ó burú gan-an ni! Irú ìranù wo rèé? Ta ló po èyí?" Ó di ọmọ náà lápá mú, ó ń rẹ́rìn-ín, omijé sì ń bọ́ lójú rẹ̀. "Ó pọ̀ jù! Ó fi ìlọ́po mẹ́ta pọ̀ jù! Mo gbọ́ ọ o! Mo gbọ́ ọ!"

Àwọn obìnrin yàrá gígùn ti yọ orí lójú fèrèsé. Sáyẹ́ǹsì kò mọ èyí tí òun máa ṣe, bóyá kó rẹ́rìn-ín ni o, bóyá kó pe ẹnì kan ni o. Nígbà tí ara Màmá Onímú rọlẹ̀ díẹ̀, ó nu ojú, ó ní, "Ìwọ mọ̀, àbí?"

"Mo mọ̀, mà."

"Lọ́jọ́ Ajé yẹn, o sọ òótọ́. Mo fi ìbínú lé ẹ jáde torí ẹ̀rù ń bà mí. Má bínú sí mi, ọmọ mi. Nígbà míì tí mo bá lé ẹ, dúró kó o sọ ọ́ tán."

"Ẹ ó pariwo mọ́ mi, mà."

"Màá pariwo. Ìwọ ṣáà dúró."

Ó lọ bá Ọ̀gá fúnra rẹ̀, ó sọ fún un pé eyín kankan kò dun òun, ó sì sọ ohun tó dun òun. Ọ̀gá fetí sí i títí ó fi parí, ó mí kanlẹ̀. Ó ní òun náà ti gbé ìgò yẹn símú lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, orí fọ́ òun di ìrọ̀lẹ́, àmọ́ òun rò pé bóyá bí ayé ṣe ń fẹ́ ẹ báyìí nìyẹn. "Mi ò lè bi yín," ni Ọ̀gá wí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín sí ara rẹ̀. Kó tó di ọ̀sán, Màmá Onímú àti Sáyẹ́ǹsì ti bẹ̀rẹ̀ òmíràn látìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀wù onírọ́bà wà lára àwọn méjèèjì, Sáyẹ́ǹsì ló ń bu ìyẹ̀fun, Màmá Onímú ń jáde lọ gbatẹ́gùn lábẹ́ igi láàárín òórùn kan sí èkejì, ó ń kùn pé ìfàkókòṣòfò ni. Ní aago mẹ́rin, ó gbé ahọ́n kan símú, ó di ojú, ó fi orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó lajú, ó ní, "Ó tó."

Ọ̀gá kò bi ẹlòmíì. Ó gbé ìgò tuntun náà lọ sí ọ́fíìsì rẹ̀ de oníbàárà. Sáyẹ́ǹsì wá gbé èyí tó bàjẹ́, ó kọrí síbi tí wọ́n ń da omi nù sí.

"Kí n dà á nù, mà?"

"Má ì tíì dà á nù," ni Màmá Onímú wí. "Mú un wá ná. Jẹ́ kí n tún gbọ́ bó ṣe burú tó."